Ohùn Tí Kò Darúgbó

“Ìgbà wo lẹ fojú kan ìyá mi gbẹ̀yìn?”

Bàbá Dípẹ̀, Alága Ẹgbẹ́ Onílé, tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun wọ bàtà. Ìyá Sàádá ń fi etí ìborùn nu imú tí kò dọ̀tí. Múfú tí ń tún páìpù omi ìlú ṣe, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Abẹ́ òrùlé iléepo àtijọ́ ni wọ́n wà. Kò sí ẹni tó ra epo níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Bàbá Dípẹ̀ wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa epo ṣì dúró lórí ìlà, eruku bo orí wọn. Àárín wọn ni àwọn onílé Ẹ̀yìn-Odò máa ń to àga sí fún ìpàdé.

Àwẹ̀ró tún béèrè. “Ìyá mi ni mo ń bi yín. Ìyá Àwẹ̀ró, ilé aláwọ̀ ewé tó kángun sí géètì kejì. Mi ò bi yín bóyá ẹ gbọ́ ohùn wọn. Mo ní ìgbà wo lẹ rí wọn?”

“A kí wọn láàárọ̀ yìí,” ni Bàbá Dípẹ̀ wí nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. “Wọ́n dá wa lóhùn dáadáa. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyàwó mi.”

“Ìyàwó yín, Bàbá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní yóò gbọ́.”

Ìyàwó Bàbá Dípẹ̀ ti kú láti òjò ọdún tó kọjá. Àwẹ̀ró gan-an fi ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ láti ìgboro. Ó wo ojú bàbá náà, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀, kò rí ẹkún. Ọkùnrin náà ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Ìyá Sàádá ló gba ọ̀rọ̀ náà dà nù. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbi iṣẹ́ yín nìyẹn? O dé, o fi orúnkún kan kanlẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè lé wa lórí.”

“Ẹ má bínú, màmá.” Àwẹ̀ró tún kúnlẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú orúnkún méjèèjì.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Dìde. Ìyà ìgboro ti jẹ ọ́ tó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀ kò ju èkùrọ́ lọ. Ó dúdú, ó ń dán, okùn rẹ̀ kò sì ní ibi tí èèyàn lè tú. Agbọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo òṣìṣẹ́ Àjọ Ohùn ló ní tirẹ̀. Kò lójú, etí àti ohùn nìkan ló ní, ó sì máa ń gbóná díẹ̀ nígbà tó bá ń gbọ́. Ó ti ń gbóná láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti gba ẹnu géètì wọlé.

Iṣẹ́ tí Àjọ rán an kò le lójú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Wọ́n ní kó lọ wo Ẹ̀yìn-Odò, kó wo ilé, kó wo èèyàn, kó sì padà wá sọ bóyá ìlú ṣì ni. Ìlú tó bá jẹ́ ìlú ni páìpù ńlá máa ń fún lómi. Èyí tí kì í bá ṣe ìlú mọ́, wọn á dí ẹnu páìpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ Àjọ ti kíyè sí ilé kan ní Ẹ̀yìn-Odò tí ohùn onílé rẹ̀ kò darúgbó. Ohùn gbogbo èèyàn ní í máa gbó, ọdún dé, ó fẹ́lẹ́ sí i, ó ha sí i. Ti obìnrin yìí dúró sójú kan bí omi inú ìgò. Nígbà tí Àwẹ̀ró rí ilé tí wọ́n ń sọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má rán ẹlòmíràn.

Kò sí alẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan tí kì í pe ìyá rẹ̀ láti ìgboro. Ìyá rẹ̀ á bi í bóyá ó ti jẹun, á ní kó má jẹ́ kí òtútù mú un, á gbàdúrà fún un. Òun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ohùn, kò mọ̀ pé ohùn náà kò darúgbó.

*

Múfú ló mú un yí ìlú ká lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn-Odò kì í ṣe ìlú ńlá, kì í sì í ṣe abúlé. Nígbà tí Ìbàdàn ń fẹ̀, àwọn tí apá wọn kò ká ilẹ̀ ìgboro ni wọ́n rékọjá odò wá síbẹ̀: tísà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́lé. Wọ́n ń gbé inú èyí tí kò tíì ní àjà, wọ́n dáwó ra òpó iná, wọ́n ṣe géètì sí òpópónà kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onílé sílẹ̀, wọ́n sì ń tìtorí ẹni tí kò jáde gbálẹ̀ lọ́jọ́ ìmọ́tótó bínú síra wọn títí ọdún fi ń yí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ló lọ sínú ilé gogoro ìgboro, wọn ò sì padà. Odò náà gbẹ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù tí ìlú fi ń ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibi tí Àwẹ̀ró ti mọ ilé mẹ́ta sí tẹ́lẹ̀, ó bá iyanrìn pupa. Ó tẹ́jú bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Kò sí àpáàdì, kò sí ìṣó, kò sí koríko.

“Ilé Fágbèmí nìyẹn,” ni Múfú wí, ó fi àgbọ̀n júwe rẹ̀. “Wọ́n lọ kí ọmọ wọn níjọ́sí, ìkánjú ò jẹ́ kí wọ́n fi ohùn sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, a jáde fún ìkíni, a kí wọn títí, kẹ́kẹ́ pa. Kí oòrùn tó yọ tán, ikán ti dé òrùlé.”

“Ikán ìjọba kì í jẹ ilé tí èèyàn ń gbé.”

“Ilé tó bá dáhùn ni kì í jẹ. Ọ̀tọ̀ ni èèyàn, ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn. Àbí kí ni wọ́n ń kọ́ yín lọ́hùn-ún, Ọ̀gá Àjọ?”

“Búọ̀dá Múfú, Àwẹ̀ró lorúkọ mi.”

“Àwẹ̀ró ò kí ń so èkùrọ́ mọ́rùn.”

Ó dúró lórí iyanrìn náà. Lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ológbò bá ń sùn. Àwọn ikán náà nìyẹn, irin tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, wọ́n sùn káàkiri abẹ́ ìlú. Àwọn kọ́ ni wọ́n ń pinnu. Ìkíni ló ń pinnu fún wọn. Ní gbogbo àárọ̀ kùtùkùtù, gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e ní Ẹ̀yìn-Odò á jáde, wọn á tò láti géètì dé géètì, wọn á sì máa kí ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Onílé á dáhùn. Bí onílé bá rìnrìn-àjò, adáhùn á dáhùn fún un, ìyẹn abala bàbà tó wà lókè ìlẹ̀kùn ilé gbogbo, tó ti ń gbọ́ ohùn onílé láti ọdún mọ́dún, tó sì mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi ohùn sílẹ̀ báyìí kò gbọ́dọ̀ fọhùn níbikíbi títí yóò fi padà wá gbà á. Ohùn kì í gbé ilé méjì. Bí ẹ̀rọ kan bá gbọ́ ohùn kan náà níbòmíràn, ikán jí nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ibùdókọ̀ ìgboro fi kún fún arìnrìn-àjò tí ń fọwọ́ nájà, tí ń fọwọ́ bá awakọ̀ jà, tí ẹnu wọn dí bí ìgò.

Òfin náà kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí onílé bá kú, tí àwọn ará ilé kò sì yọ ohùn rẹ̀. Àjọ ti rí irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìlú tó ń gba omi tìdẹ̀ratìdẹ̀ra, tó jẹ́ pé òkú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹ́ ẹ káàárọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn Àwẹ̀ró nìyẹn láti àárọ̀, tó ń wúwo bí òkúta.

“Níbo ni Ìyá Ọlọ́pẹ wà?” Ó ń wo ilé kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí adáhùn rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

“Wọ́n ti mú wọn lọ Ọgbà Àgbà. Ohùn wọn gbọ̀n díẹ̀ lórí ẹ káàárọ̀, díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ funfun ti dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ṣe bí wọ́n ń dá gbé ni. Àgbà tó bá ní ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, wọn ò ní mú un.”

“Wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀, búọ̀dá.”

“Ta ló ti padà wá sọ fún ọ?” Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí èkùrọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbá ẹnu ara rẹ̀. “Èmi ò sọ nǹkan kan o. Èmi Múfútáù, páìpù ni mo mọ̀. Omi ń yọ, omi ò yọ, ó parí.”

*

Kó tó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, adáhùn ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Àwẹ̀ró! Ọmọ mi! Ṣé o ti jẹun?”

Ohùn náà kún, ó tutù, ó ní ẹ̀rín nídìí. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, bó ti rí nígbà tí òun fi ń lọ sí ìgboro. “Ẹ káàsán, màámi. Mo ti jẹun.”

“Má jẹ́ kí òtútù mú ọ.”

“Oòrùn ló wà níta, màámi. Níbo lẹ wà?”

“Mo wà nílé, níbo ni n bá tún wà? Wọlé.”

Ó wọlé. Ibùsùn wà ní títẹ́, eruku sì wà lórí rẹ̀, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó lè fìka kọ orúkọ sí i. Nínú ilé ìdáná, ìkòkò dojú dé. Aláǹtakùn ti so ẹnu kẹ́tùlù mọ́ ògiri. Kò sí òórùn kankan nínú ilé náà, òórùn oúnjẹ, òórùn ọṣẹ tàbí òórùn àìsàn. Ohùn náà ń tẹ̀ lé e láti yàrá dé yàrá, ó ń sọ fún un pé aládùúgbò ti yá agbọ̀n, pé ẹsẹ̀ Bàbá Dípẹ̀ ń dùn ún, kó bá òun kí ìyàwó rẹ̀.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ lórí simẹ́ǹtì. “Màámi, ìyàwó Bàbá Dípẹ̀ ti kú.”

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bá mi kí i dáadáa.”

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Sàádá gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ wá. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó dúró níta kí ilé náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. “Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.”

“Kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Sàádá. Ṣé Sàádá ti bímọ?”

“Ó ti bí i o, a dúpẹ́.” Lójú rẹ̀, kò sí ohun tó yà á lẹ́nu níbẹ̀. Ó wọlé, ó gbé abọ́ sílẹ̀.

“Màmá, ọmọ Sàádá ti tó ẹni tí ń lọ ilé-ìwé.”

“Àbúrò rẹ̀ gan-an ti ń fà. Kí n wá wí fún un pé kò mọ̀? A kì í jẹ́ kí ìkíni já bọ́ sílẹ̀, Àwẹ̀ró. Ẹni tó bá kí ọ, dá a lóhùn. Ohun tó bá rò pé òun mọ̀, jẹ́ kó máa mọ̀ ọ́n.” Ó jókòó. “Jẹun.”

Àwẹ̀ró kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tí ọrùn rẹ̀ fi gbóná. Oòrùn ti wọ̀. Ìgbà tí agbọ́rọ̀ máa ń béèrè ti tó. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin.

“Àwẹ̀ró, òṣìṣẹ́ Àjọ. Ǹjẹ́ o mọ ibi tí onílé yìí wà?”

Ọwọ́ Ìyá Sàádá dúró lórí ìdérí abọ́.

“N kò mọ̀,” ni Àwẹ̀ró wí.

Agbọ́rọ̀ wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Ó gbóná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o lára, lẹ́yìn náà ó tutù. “Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n bá kí ilé yìí láàárọ̀ ọ̀la, ìwọ yóò sọ bóyá ẹni wà, tàbí ẹni kò sí. Bí o bá mọ̀ tí o kò sọ, a ó gba ohùn tìrẹ.”

Ìyá Sàádá mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run ṣeun tí o ò mọ̀.”

“Kí lẹ wí, màmá?”

“Mo ní kó o jẹ mọ́ínmọ́ín kó tó tutù.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé wọ́n ti kú ni? Bí wọ́n bá ti kú, ẹ sọ fún mi, kí n mọ ibi tí n ó ti sunkún.”

Obìnrin náà wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Lẹ́yìn náà, ó wo èkùrọ́ dúdú tó wà lọ́rùn ọmọ náà, ó wo abala bàbà tó wà lókè ilẹ̀kùn, ó pa ẹnu dé. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló yí padà, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan kékeré kan.

“Ohùn kì í gbé ilé méjì. Bí òfin yín ṣe wí nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń bi ọ́ ni. Orí àgbà ń gbàgbé.” Ó sì lọ.

*

Àwẹ̀ró jẹun, ṣùgbọ́n kò mọ adùn ohun tó jẹ. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn àlọ́ tó ní ìdáhùn. Ó máa ń yí i síwá yí i sẹ́yìn títí yóò fi já. Èyí kọ̀, kò fẹ́ já.

Ọlọ́run ṣeun tí o ò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú, ta ni ìmọ̀ òun yóò pa lára? Òkú kò ní ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bóyá ìlú ni, nítorí omi wọn. Ó lè jẹ́ omi ni Ìyá Sàádá ń dúpẹ́ fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ẹni tí ń rò nípa omi ló fi wo òun. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn wà tí ìmọ̀ òun lè pa lára, ẹni tó ní ohun tó lè pàdánù, ẹni tí ọkọ̀ funfun…

Ó dá ọkàn rẹ̀ dúró níbẹ̀ bí ẹni tó dá ewúrẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà oko. Bó bá rò ó parí, ó lè di pé ó mọ̀ ọ́n. Ríronú kì í ṣe mímọ̀. Ó so mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó so mọ́ ẹ̀ka igi lójú àgbàrá.

Ohun mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Kó ní ẹni wà, agbọ́rọ̀ á mọ̀ pé kò dá a lójú, wọn á gba ohùn rẹ̀, adáhùn á sì máa jẹ́ ìyá fún un títí ayé. Kó ní ẹni kò sí, ikán á jẹ ilé náà lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta wà lápò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ òṣìṣẹ́ ni, pẹlẹbẹ bí ewé, èyí tí wọ́n fi ń yọ ohùn kúrò lára ilé. Ohùn tí wọ́n bá yọ báyìí kì í ṣeé fi pamọ́, kì í sì ṣeé dá padà. Ó ń lọ bí èéfín. Bí ẹni tó ni ohùn náà bá ti kú, ohun tó kù nínú rẹ̀ láyé nìyẹn, ọwọ́ òun ni yóò sì ti parí. Bó bá sì wà láàyè, ẹnu rẹ̀ di tirẹ̀ padà. Yóò lè sọ̀rọ̀. Bí yóò bá fẹ́.

Ohùn kì í gbé ilé méjì.

Ó sùn lórí simẹ́ǹtì, kò lè sùn lórí eruku ibùsùn ìyá rẹ̀. Nígbà tí àkùkọ kọ, tí fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó gbé àpótí sábẹ́ ilẹ̀kùn, ó gùn ún. Ojú rẹ̀ àti abala bàbà náà dọ́gba.

“Màámi.”

“Àwẹ̀ró. O tètè jí.”

“Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ wo lo fẹ́ gbọ́?” Ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. Kò ní ọjọ́ orí, kò ní àárẹ̀. “Ṣé o rántí ìgbà tí o jábọ́ sínú kòtò Bàbá Dípẹ̀? O ní kí wọ́n má fà ọ́ jáde, o ní ibẹ̀ tutù. Gbogbo ojúlé wá ń bẹ̀ ọ́. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀, ebi ni yóò fà á jáde. Kò pẹ́ lo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé…”

Àwẹ̀ró mọ bí ìtàn náà ṣe parí. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ ọ dópin, òun á tún ní kó sọ òmíràn. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ bàbà náà, ó yí i. Ohùn náà dúró láàárín ọ̀rọ̀. Nǹkan kan fẹ́ lẹ́nu adáhùn, bí èémí tó gbóná, ó kọjá lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì sí mọ́.

Ilé náà dákẹ́. Kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Ó fi orí ti òpó ilẹ̀kùn, kò sunkún. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀, òun kò ní gbọ́ bí wọ́n bá dé.

*

Wọ́n dé nínú ọyẹ́. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn kó tó rí wọn, gbogbo ìlú lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n fi aṣọ di orí, wọ́n fi di imú nítorí eruku. Ojú nìkan ló hàn lára ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n kí ilé òdìkejì, ó dáhùn. Wọ́n kí ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dáhùn, ó tún bi wọ́n nípa ìgbéyàwó kan tó ti tú ká. Wọ́n ní ó dùn gan-an ni, wọ́n ṣeun.

Wọ́n wá dúró níwájú ilé aláwọ̀ ewé. Àwẹ̀ró dúró lójúde, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra wọn.

“Onílé yìí,” ni Bàbá Dípẹ̀ wí, “Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ káàárọ̀ o!”

Kò sí ìdáhùn.

Ojú tó wà lókè aṣọ bàbá náà lọ sórí adáhùn, ó bọ́ sórí àpótí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ sórí kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Láàárín èrò, Múfú ní, “Yéè.” Kò fi ohùn rara sọ ọ́.

“Ìyá Àwẹ̀ró,” Bàbá Dípẹ̀ tún kí. Ohùn rẹ̀ ti ń ha. “Ẹ káàárọ̀ o.”

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó gba inú egungun gòkè. Nídìí ògiri, iyanrìn kékeré kan ń yọ sókè bí ẹni pé ẹnìkan ń fẹ́ ẹ láti abẹ́ ilẹ̀. Kun ara ògiri fọ́, ó bọ́ sílẹ̀. Ọrùn Àwẹ̀ró gbóná.

“Àwẹ̀ró, òṣìṣẹ́ Àjọ. Ẹni wà, àbí ẹni kò sí?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n kí i lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Ẹni wà, àbí ẹni kò sí?”

“N kò mọ̀!” Ó kígbe, kì í ṣe sí agbọ́rọ̀, sí ìlú ni. “Mo ti yọ ọ́! Kò sí ohùn kankan nínú ilé yìí mọ́. Bí ẹnìkan bá wà tí ohùn náà jẹ́ tirẹ̀, kó gbà á!”

Ilẹ̀ ń kùn. Èrò náà dà bí àwọn ẹ̀rọ tó wà ní iléepo, wọ́n dúró lórí ìlà, eruku ń ṣubú lé wọn.

“A dúpẹ́ o.”

Ohùn náà kéré. Ó ha, ó gbọ̀n, ó já sí méjì lójú dúpẹ́, bí okùn tó ti gbó. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ló ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. “A… a jíire o. Onílé wà.”

Kíkùn ilẹ̀ náà dúró. Ṣùgbọ́n agbọ́rọ̀ kò tutù.

“Ohùn onílé ń gbọ̀n. Ohùn àgbà ni. Ǹjẹ́ ó ń dá gbé?”

Gbogbo ojú tó wà lókè aṣọ yí sí Àwẹ̀ró. Ó ronú kan yàrá rẹ̀ nínú ilé gogoro, kan fèrèsé tó kọjú sí fèrèsé, kan tábìlì rẹ̀ ní Àjọ àti àwọn tó ń kí i níbẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ó wá inú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó ọkọ̀ nínú àpò, ó ń wá ibi tí irọ́ lè wà nínú ohun tó fẹ́ sọ. Kò rí i.

“Rárá,” ni ó wí. “Èmi náà ń gbé ibẹ̀.”

Agbọ́rọ̀ wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Ó jó o lára, ó jó o títí omi fi lé e lójú. “Òótọ́ ni,” ó wí, ó sì tutù.

Àwọn èrò yà díẹ̀. Ní ìlà iwájú gan-an, láàárín Bàbá Dípẹ̀ àti Ìyá Sàádá, obìnrin kúkúrú kan, tó ti fi ohùn sílẹ̀ nílé kí ọkọ̀ funfun má bàa mú un lọ, ń tú aṣọ tó fi di imú. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá, Ìyá Sàádá sì bá a tú u. Ojú rẹ̀ ti hunjọ, irun rẹ̀ ti funfun ju bí Àwẹ̀ró ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì tún un wò.

“Àwẹ̀ró,” ó wí. “Kí ló dé tí o rù báyìí?”